Tàǹtì Méjì

Ìró àkọ́kọ́ tí Àsíátù rántí láyé rẹ̀ ni ìró aṣọ tí wọ́n ń fà ya. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní ọjà ńlá Lomé láyé àwọn Jámánì. Yóò fi eyín gé etí aṣọ, yóò di apá méjèèjì mú, aṣọ náà yóò sì ké fààà títí dé òpin. Lábẹ́ tábìlì tí ọmọdé náà jókòó sí, ó ti ń fi etí mọ aṣọ tó lágbára yàtọ̀ sí èyí tí kò lágbára. Kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni òun ń kọ́.

Nígbà tó di ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, àwọn Faransé ti gba ìlú tipẹ́, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ti padà sí agbo ilé bàbá wọn ní Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí, lọ́dọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń rán ìbòòrùn fún àwọn ọlọ́jà, aṣọ tó nípọn tí wọ́n máa ń ta sórí òpó mẹ́rin kí oòrùn má baà pa ọjà wọn. Abẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì ọjà ti ń ná nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lábẹ́ òjìji kì í sábà gbójú sókè wo ohun tó ṣíji bò ó. Àbúrò Ọ̀ṣẹ́nì ni wọ́n ń pè é, tàbí opó tí ń ránṣọ. Kò sùn níta Lomé rí.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1953, Ìbíyẹmí, ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ti iléèwé dé, ojú rẹ̀ ń dán. Olùkọ́ wọn, Màdáàmù Jeanne, fẹ́ kó àwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ lọ sùn ní oko àgbọn etí òkun ní Porto-Séguro fún ọjọ́ mẹ́ta. Kàǹpé ni àwọn Faransé ń pe irú rẹ̀.

Ọ̀ṣẹ́nì kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Ọmọ mi kì í ṣe màlúù Fúlàní tí yóò sùn ní pápá."

"Bàbá, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú tàǹtì kan dání."

Kò sẹ́ni tí kò mọ tàǹtì nílé náà. Àbúrò bàbá tó jẹ́ obìnrin ni, lédè Faransé. Ọ̀ṣẹ́nì fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Àwọn Faransé yìí lọ́gbọ́n díẹ̀ náà. Àsíá, bí o bá bá a lọ, kó lọ. Bí o kò bá lọ, kó jókòó."

Àsíátù sọ pé òun yóò lọ. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é síbì kan, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ra ẹní tuntun, ó ti ra kẹ́tù tí yóò fi ṣe àlùwàlá, ó sì ti sọ fún gbogbo ìsọ̀ tó yí tirẹ̀ ká.

Mùkáílà, tí ń rán tìmùtìmù ní ìsọ̀ kejì, kò jẹ́ kó sinmi. "Tàǹtì, ẹ ò ní gbàgbé wa báyìí tí ẹ bá dé ọ̀hún?"

"Bí mo bá rí ìyàwó lọ́nà, n ó mú un bọ̀ fún ẹ. Àwọn ti Lomé ti mọ̀ ọ́ jù."

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó tẹ̀lé Ìbíyẹmí lọ síléèwé láti béèrè ohun tí àwọn tàǹtì yóò máa sè. Èdè Mina tí gbogbo ọjà Lomé ń sọ ni òun àti Màdáàmù Jeanne jọ sọ. Obìnrin náà gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó rí ojú Àsíátù, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sójú pátákó: *tante, tente.* Lẹ́nu, ìbejì ni wọ́n. Létà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ẹni tí kò sì mọ̀wé kò lè gbọ́ létà. Èkíní ni àbúrò bàbá. Èkejì ni àgọ́, ilé aṣọ tí ènìyàn ń sùn sí. Èkejì ni wọ́n ní kí wọ́n mú wá.

Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ti yá àgọ́ tiwọn. Àwọn méje tó wà nínú ẹgbẹ́ Ìbíyẹmí kò ní nǹkan kan, ẹgbẹ́ tí kò bá sì ní àgọ́ kò ní wọ ọkọ̀ ojú irin. Kò sì sí àbúrò bàbá kankan nínú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí.

Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àsíátù ń wo pátákó. Ó lè jẹ́ pé ohun tó dun ẹni jù láyé kì í ṣe kí wọ́n má pe ẹni, bí kò ṣe kí ẹni ti dáhùn ìpè tí kì í ṣe ti ẹni.

"Ẹ jẹ́ kí n rí àwòrán ilé aṣọ náà."

Màdáàmù Jeanne ṣí ìwé kan. Àsíátù wò ó síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ìbòòrùn tó kúnlẹ̀ ni," ó wí. "Bí mo bá rán an, ṣé mo lè bá a lọ?"

"Bí atẹ́gùn kò bá wó o, tí òjò kò sì wọ inú rẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó kọ orúkọ yín."

Nílé, Ọ̀ṣẹ́nì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. "Ìyẹn ni pé wọn ò pè ẹ́. Kí olúkúlùkù jókòó sílé rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì wí bẹ́ẹ̀. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá."

Ó rán an bí ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n kò kánjú. Gbogbo ojú ìránṣọ ló rán ní àránpadà, ó sì fi ìda oyin pa gbogbo wọn kí omi má baà tọ ihò abẹ́rẹ́ wọlé. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó gbé e nàró nínú àgbàlá, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀, ó so okùn mọ́ wọn. Ọ̀sán pọ́n, afẹ́fẹ́ òkun dé. Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ Lomé; àwọn èèkàn náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín arúgbó, aṣọ náà sì wó lu àgbò Ọ̀ṣẹ́nì tí wọ́n so sí àgbàlá.

Mùkáílà, tó wá wòran, wò ó títí. "Tàǹtì méjì ló wà nílé yìí," ó ní. "Ọ̀kan ti dùbúlẹ̀."

"Èkejì ṣì wà ní ìdúró," ni Àsíátù dá a lóhùn. "Bá mi gbé àgbò yẹn kúrò níbẹ̀."

Ó jókòó sórí aṣọ tó wó náà títí oòrùn fi rọlẹ̀, ó ń fọwọ́ bu iyanrìn, ó ń dà á nù. Iyanrìn kì í di igi mú. Kí ló wá lè dì mú? Lówùúrọ̀, ó wá àwọn àpò ìyẹ̀fun kéékèèké, ó di iyanrìn kún wọn, ó so okùn àgọ́ mọ́ wọn lọ́rùn, ó gbẹ́ ihò tó jìn dé ìgúnpá rẹ̀, ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ó fa okùn kan pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Kò mì. Iyanrìn kò lè di igi mú, ṣùgbọ́n ó mọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò ṣú.

"Ẹ wọlé, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Bí ó bá jò, ẹ̀yin ni kó jò sí lára."

Ọ̀ṣẹ́nì wọlé tòun ti fìlà funfun rẹ̀. Òjò náà rọ̀ bí ẹni tó ní ẹjọ́ láti rò. Atẹ́gùn gbé àwo, ó gbé agbọ̀n, ó tú ìbòòrùn ilé kejì ká. Àsíátù dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Ìbíyẹmí, ó ń wo okùn mẹ́fà tó le gbandi, tí wọ́n ń gbọ̀n, tí wọn kò sì yẹ̀. Nígbà tó dá, wọ́n dúró kí Ọ̀ṣẹ́nì jáde. Kò jáde. Ìbíyẹmí lọ yọjú.

"Ó ń sùn," ó ní.

Wọ́n jí i. Ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀, gbígbẹ ni. Ó wo ojú ìránṣọ, ó wo àbúrò rẹ̀, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún púpọ̀.

"Àsíá, lọ sọ fún olùkọ́ yẹn pé tàǹtì tí wọ́n ní kí a mú wá, méjì ló ń bọ̀."

Màdáàmù Jeanne wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó fi èjìká ti àgọ́ náà, ó tún tì í. Ó mú ìwé jáde, ó kọ orúkọ Àsíátù sí ìsàlẹ̀ tirẹ̀ gan-an, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ kọ́ àwọn ẹgbẹ́ yòókù bí wọ́n ṣe ń bo àpò mọ́lẹ̀, torí iyanrìn ni ti Porto-Séguro náà. Mùkáílà ló ru àpò ìyẹ̀fun ogún wá fún un láti ọjà. Kò bá a ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ, Ọ̀ṣẹ́nì wà ní mọ́sálásí, Ìbíyẹmí sì ti lọ dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àsíátù gbé atẹ lé ẹsẹ̀, ó da ẹ̀wà tí wọn yóò jẹ ní Porto-Séguro sí i. Ó ṣà á díẹ̀díẹ̀. Òkúta bọ́ sápá kan, èyí tí kòkòrò ti jẹ bọ́ sápá kejì. Ó fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, ó da èyí tó mọ́ sínú àpò, ó sì so ó lẹ́nu.