Jákẹ́ẹ̀tì Mọ́kànlá àti Òwú Tí Kò Gba Aró

Aṣọ ọkùnrin ni mo kọ́ rírán, èmi obìnrin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé téèpù sọ́rùn ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Múfú ní Bajulaiye, oníbàárà kan fárígá pé obìnrin kò lè wọn òun. Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé, kó lọ wọn ara rẹ̀. Nígbà tí mo gba fírídọ́ọ̀mù, mo dúró tì í, mò ń bá a ṣiṣẹ́. Ojú mi wà lára ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ní ní Bàrígà, èyí tó ti tì pa láti ìgbà tí ìlú ti le.

Ayé ìjọba ológun ni, gbogbo nǹkan sì ti gbówó lórí. Ìwé àwòrán aṣọ òkè òkun, tí àwa télọ̀ fi ń mọ ohun tó gbòde lọ́dún, kò wọlé mọ́. Àkókò yẹn gan-an ni Brọ̀dá Lásún, olórí òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbẹ́ wa, wọlé.

"Ọ̀gá, jákẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ni mo fẹ́ fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa. Ká lè wọ̀ ọ́ dé pápá, ká tún lè wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ nígbà ọyẹ́. Ohun tó gbòde lọ́dún yìí ni kẹ́ ẹ rán o."

Ọ̀gá wò mí. "Ràṣí, ìwọ lo máa ń ní o mọ sítáìlì. Gbà á. Tó bá dáa, kọ́kọ́rọ́ Bàrígà di tìẹ."

Mo ra ìwé kékeré kan, mo sì di aṣèwádìí. Ní ilé ìtẹ̀wé, mo bá ìwé àwòrán aṣọ òyìnbó àlòkù tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi kí wọ́n tó fi íǹkì kun ojú gbogbo ọkùnrin inú rẹ̀. Mo lọ sí ìsọ̀ òkìrìkà, mo ń yí aṣọ eléré ìdárayá sódì kí n lè rí bí wọ́n ṣe so etí híhun tó ń fà mọ́ ọwọ́ àti ìbàdí rẹ̀. Obìnrin tó ń tà á ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un?" Lẹ́yìn náà mo lọ dúró ní Igbóbì, níwájú ilé ìwòsàn, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde, mò ń kọ ohun tí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan wọ̀. Ọ̀kan rò pé òun ni mò ń wò, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì tún gba iwájú mi kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí mo rí ni pé wọ́n ń wọ aṣọ eléré oní-síìpù lé ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì. Òwúrọ̀ tutù, wọ́n wọ̀ ọ́. Oòrùn mú, wọ́n so ó mọ́dìí. Mo bá gé jákẹ́ẹ̀tì tí èjìká rẹ̀ dà bíi ti kóòtù, mo fi síìpù síwájú, mo fi etí híhun sí ìbàdí àti ọwọ́, n kò fi aṣọ kankan tẹ́ inú rẹ̀. Mo fi òwú fa ìlà méjì láti ọrùn dé ọwọ́, bíi ti àwọn eléré. Ní ti àwọ̀, gbogbo àwòrán inú ìwé òyìnbó náà ló jẹ́ àwọ̀ ewé tó ti gbó. Mo rí kàkí tó bá a mu. Òwú tó bá kàkí náà mu ni mi ò rí, mo bá lo àwọ̀ ewé tútù tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ.

Ọ̀gá lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú. Nígbà tó dé, jákẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló ń fì lára ògiri. Ó wò wọ́n, ó sì lọ ti fèrèsé.

"Ràṣí, ta ló máa wọ èyí?"

"Àwọn Brọ̀dá Lásún ni, sà."

"Aṣọ sọ́jà nìyí. Bí àwọn sọ́jà bá rí ọmọ aráàlú kan nínú rẹ̀, wọ́n á ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti ibí dé Ọjọ́ta. O wo aṣọ, o wo ara, o ò wo ìjọba."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó. Bọ́ọ̀lù ku ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sí kàkí mìíràn. Mo di gbogbo rẹ̀ sínú àpò, mo gbé e lọ bá ìyá aláró kan ní Bàrígà.

"Ta ló ń rẹ aṣọ tí wọ́n ti rán láró?" ìyá náà bi mí.

"Ẹni tó ti ṣìṣe ni, Màmá."

Aró mú kàkí náà, ó dú dáadáa. Ó mú etí híhun pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òwú mi kì í ṣe òwú oko, ilé ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣe é, kò sì gba aró rárá. Gbogbo ìlà tí mo fà ló dúró lórí aṣọ dúdú, tútù yọ̀yọ̀ bí ewé òjò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Nígbà tí Brọ̀dá Lásún wá gba aṣọ rẹ̀, ó gbé ọ̀kan, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ṣé ohun tó gbòde nìyí?"

Mi ò lè parọ́. "Brọ̀dá, mi ò tíì rí i lóde."

"Á jẹ́ pé àwa la máa gbé e jáde."

Wọ́n jẹ góòlù mẹ́ta lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì wọn ni àwọn èèyàn ń wò. Mo wá dúró níwájú Ọ̀gá, mò ń retí kọ́kọ́rọ́. Ó mi orí. "Oríire lèyí. Mi ò lè fi oríire ṣí ṣọ́ọ̀bù." Ó dùn mí wọra, mo bá padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, mo tún gbé ìwé mi lọ sí Igbóbì. Ọkùnrin kan jáde nínú jákẹ́ẹ̀tì dúdú, ìlà tútù méjì láti ọrùn dé ọwọ́. Mo sáré tẹ̀ lé e. Mo wo èjìká rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló rán an?"

"Télọ̀ mi ní Fadéyí ni. Ó ní ohun tó gbòde nìyí."

Ọ̀gá ń lọ ṣòkòtò nígbà tí mo ròyìn fún un. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nílẹ̀. "Ṣé ó rán an dáadáa?"

"Ìlà rẹ̀ wọ́, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Kò sẹ́ni tí í da oríire kọ, Ràṣí. Iṣẹ́ ni wọ́n ń dà kọ." Ó sì wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Àgádágodo ṣọ́ọ̀bù Bàrígà ti dógùn-ún, epo pupa ni mo fi ṣí i. Kí n tó gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, mo jókòó sórí àpótí, mo ṣí ìwé mi sí ojú ewé tí mo kọ "Ohun tó gbòde" sí. Mo fa ìlà sórí gbogbo ohun tí mo ti kọ síbẹ̀, mo sì kọ orúkọ mi.