Nígbà tí mo gbé iná ìtàgé lọ sí "cour"

Gbọ̀ngán eré kan ní Treichville ni mo ti kọ́ iṣẹ́ iná ìtàgé. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀gá fi dán mi wò. Bí mo bá mọ̀ ọ́n ṣe, iṣẹ́ di tèmi. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, mo padà sí ìsọ̀ ìkòkò bàbá mi ní Adjamé nìyẹn. Mo ti gbàdúrà, ọkàn mi sì balẹ̀. Ilé kéú ti kọ́ mi pé ohun tí ènìyàn bá ń tún kà léraléra yóò wọ orí.

Lọ́jọ́ kìíní, ọ̀gá pè mí láti orí àkàbà: "Gbé découpe méjèèjì lọ sí cour."

Découpe ni iná gígùn tí ó ní abẹ irin mẹ́rin nínú. Abẹ yìí la fi ń gé ìmọ́lẹ̀ kí ó lè dúró sórí ilẹ̀kùn tàbí àga kan ṣoṣo. Ìyẹn yé mi. Mo rò pé cour náà yé mi, nítorí inú cour ni wọ́n bí mi sí, àgbàlá tí ìdílé mẹ́fà ti jọ ń pọn omi ẹ̀rọ kan. Mo bá gbé àwọn iná náà jáde sí àgbàlá ẹ̀yìn gbọ̀ngán.

Òṣèré kan bá mi níbẹ̀. "Tantie, ṣé o ti fọ̀ wọ́n ni, tí o wá ń sá wọn sóòrùn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá wá ṣàlàyé pé lórí ìtàgé, cour ni ọwọ́ òsì òṣèré tó kọjú sí èrò, jardin sì ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ọwọ́ mi méjèèjì.

"Ó ku ọjọ́ méjì," ni ó wí.

Lọ́jọ́ kẹta, a ń dán eré wò. Òṣèré tó ń ṣe ìyá àgbà jókòó, wọ́n ń sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti ti ojú òkun dé. Ọ̀gá tan douche lé e, ìyẹn iná tí a so sókè gan-an tí ó ń dà sílẹ̀ lórí ènìyàn bí omi ìwẹ̀. Ìborí ìyá náà ń tàn yòò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ di ihò dúdú méjì.

"Ọ̀gá, a kò rí ojú ìyá."

"Ìwọ tí o sá découpe?"

"Èmi náà ni, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n so fresnel kan."

Iná tí gíláàsì rẹ̀ ní ìlà roboto-roboto ni fresnel, etí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sì í le. Mo so ó síwájú, lápá jardin, mo sì dín douche kù sí ìdajì. Mo ní Bismillahi, mo tan án. Omijé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ìyá náà ń sun hàn kedere ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ o!" ni ìyá náà kígbe. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń sunkún lásán!"

Ọ̀gá mú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ jáde, ó bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Alhamdulillahi. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, mo sì tọrọ àyè láti lọ kírun Alásárì. Ó ní kí n tètè dé, nítorí iná ṣì pọ̀ nílẹ̀ tí a óò so.