Ihò Kékeré Tí Ọ̀gá Mi Dí

Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàgbé o. Mo rántí ìgbà tí bàbá mi wọ mọ́tò láti Ìkirè wá sí Èjìgbò l'Ékòó, pẹ̀lú iṣu mẹ́fà nínú àpò, láti wá bẹ ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ púlọ́ńbà pé kó ṣe fírídọ́ọ̀mù fún mi. Ọdún tí a dá ti pé, ó tilẹ̀ ti lé. Ọ̀gá ò fi àga lọ bàbá mi. Ó ń tẹ fóònù rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ máa kó iṣu yín lọ sílé. Ọmọ yín ò tíì mọ nǹkan kan. Páìpù ló mọ̀ ọ́n rù." Bàbá mi, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ṣọ́ọ̀bù, lójú àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń kọjá lọ, fún ọkùnrin tó lè bí lọ́mọ. Ọ̀gá ò ní kó dìde. Bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mò ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ọkùnrin yìí láti bí ọdún méjì, ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ kí n lọ. Ọdún yẹn ò parí tí bàbá mi fi kú. Nígbà tí ọ̀gá wá fún mi ní ìwé mi, kò sí ẹnì kankan tó dúró fún mi níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o.

Ó tó ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà kí ẹ̀san tó wá bá mi. Ọkùnrin kan tó ń kọ́lé tà, tó ń gbé lẹ́bàá Àgọ́ Palace, pè mí sí iṣẹ́. Ìlàjẹ ni wọ́n, etí òkun gan-an ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ màmá yìí ti kọṣẹ́, kò lè dá rìn mọ́, orí àga kan ní pálọ̀ ló ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀rọ̀ òkun ló sì máa ń sọ. Ni ọmọ rẹ̀ bá ní òun máa gbé òkun wá bá a nílé: táǹkì gíláàsì tó gùn tó bẹ́ẹ̀dì, omi iyọ̀ nínú rẹ̀, àti ẹja òkun aláwọ̀ mèremère. Ó bi mí pé ṣé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní, "Ha, sà! Iṣẹ́ wa nìyẹn." Irọ́ gbuu. Ẹja tí mo mọ̀ ò ju ti inú ọbẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wo fídíò lórí fóònù títí ojú mi fi pọ́n, mo tún lọ ń da ọkùnrin tó ń ta ẹja náà láàmú. Òun ló pariwo lé mi lórí nígbà tó rí nọ́ọ̀tì idẹ tí mo fẹ́ dè mọ́ páìpù, ó ní idẹ nínú omi iyọ̀ kẹ̀, ṣé mo fẹ́ fi májèlé pa gbogbo ẹja náà ni. Rọ́bà nìkan ni mo wá fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Táǹkì ńlá wà lókè, táǹkì kékeré wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ rẹ̀. Omi ń gba páìpù kan sọ̀ kalẹ̀, pọ́ǹpù ń gba páìpù kejì tì í padà sókè. Bí wọ́n bá mú iná lọ, pọ́ǹpù á dákẹ́, omi òkè á sì tún máa bá páìpù kejì yẹn bọ̀ nísàlẹ̀, torí ẹnu páìpù náà rì sísàlẹ̀ omi lọ́hùn-ún. Táǹkì kékeré ò lè gbà á, ilẹ̀ ló máa dà sí. Nítorí náà ni mo ṣe lu ihò kékeré kan sára páìpù náà, lókè, níbi tí ojú omi mọ. Bí omi bá ti fà dé ibẹ̀, atẹ́gùn á wọlé, omi á dúró. Àmọ́ bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, ihò yẹn á máa tu omi tín-ín-rín bí ẹní ń tutọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Gbogbo ìgbà tí mò ń ṣe é, màmá ń wò mí. Mo ní irinṣẹ́ tí mo fi ń wọn iyọ̀ omi, ṣùgbọ́n màmá á ní kí n bu díẹ̀ wá fún òun nínú ṣíbí, á fi ahọ́n kàn án, á ní, "Kò tíì tó. Ti ilé wa jù báyìí lọ." Tí mo bá wo irinṣẹ́, òótọ́ ni, kò tíì tó. Ọjọ́ tí omi náà pé lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ kún fómijé, ó gbàdúrà fún mi, ó ní ọwọ́ mi ò ní ká.

Inú onílé dùn. Ó wá bi mí pé, "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Pè é kó wá wò ó, kí àgbà fọwọ́ sí i ká tó kó ẹja sí i." Àṣà wa ni, mi ò lè kọ̀ ọ́. Ọ̀gá ti di alága ẹgbẹ́ àwa púlọ́ńbà àdúgbò nígbà yẹn. Ó wọ bàtà funfun wá. Ó yí táǹkì po, ó rí ihò mi tó ń tu omi, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó! Iṣẹ́ ń jò!"

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un. Mo búra, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Ó bá kọjú sí onílé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo sọ fún bàbá rẹ̀ nígbà yẹn, pé páìpù lọmọ yìí mọ̀ ọ́n rù. Bàbá ọ̀hún ń yí mọ́lẹ̀ níwájú mi."

Mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì. Ó pa pọ́ǹpù, ó nu páìpù gbẹ, ó fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà pa. Èmi ni mo bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo tẹríba, mo ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá." Onílé ní kò sí ohun tó dà bí àgbà.

Wọ́n kó ẹja méje sí i lọ́jọ́ kejì. Iná kì í sábà lọ ládùúgbò wọn, wọn ò sì tíì so pọ́ǹpù náà mọ́ ínfátà tí wọ́n ń lò bí kò bá síná. Gbogbo ará Èkó ń bẹ Ọlọ́run fún iná, èmi nìkan ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n mú un lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń yà níbẹ̀, mo ní mo wá wọn iyọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gá kó méjì nínú àwọn olóyè ẹgbẹ́ wá, kí wọ́n wá wo iṣẹ́ "òun". Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ sí páìpù ni iná lọ. Pọ́ǹpù dákẹ́.

Kò lè gbà mí ní ìṣẹ́jú kan láti fa ẹnu páìpù yẹn sókè kúrò nínú omi, kí gbogbo rẹ̀ sì dúró. Mo káwọ́ sẹ́yìn. Omi kún táǹkì kékeré, ó ṣílẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó ya bo rọ́ọ̀gì. Ọ̀gá kúnlẹ̀ sínú omi pẹ̀lú bàtà funfun, ó ń fọwọ́ bo ibí, ó ń fọwọ́ bo ọ̀hún, ó ń pariwo, "Kí lèyí? Kí ló ń ṣe é?" Mo jẹ́ kó pariwo tó. Ìgbà tí ó tó, mo là á yé wọn lẹ́sẹẹsẹ bíi tíṣà: "Ihò tí ẹ dí yẹn, ọ̀gá, òun ni ì bá gbà wá." Àwọn olóyè wo ara wọn. Onílé ní, "Bàbá, ẹ máa lọ." Áà, inú mi dùn! Ó dùn dé egungun.

Ìgbà náà ni mo tó fa páìpù sókè. Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú táǹkì òkè, ẹja mẹ́rin ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Màmá pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ yìn mí ni, mo lọ lóṣòó síwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi látìgbà yẹn. Kò lè gbé e.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí bàbá yẹn ń dí ihò, ojú ẹ ni mò ń wò. Mo rí i pé o mọ̀. Mo wá ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí, ọ̀wọ̀ àgbà ló jẹ́ kó dákẹ́." Ó tún ní, "Kì í ṣe ọ̀wọ̀, àbí?"

Mo dìde, mo lọ wá ohun tí mo máa fi gbọ́n omi.

Wọn ò fi ọ̀gá ṣe alága mọ́. Tí a bá pàdé níbi tí a ti ń ra páìpù l'Óṣòdì, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi. Inú mi ṣì ń dùn sí i, mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò sì tíì dárí jì í. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bàbá mi ni mo gbẹ̀san fún. Ṣùgbọ́n mo mọ bàbá mi. Ká ní ó wà ní pálọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, kò ní wo ọ̀gá rárá. Ẹsẹ̀ màmá yẹn ni ì bá kọ́kọ́ gbé kúrò nínú omi.