Bàbá Tí Kò Jẹ́ Kí N Gbé Páàkì Náà Sínú Ẹ̀rọ

Ẹ má rò pé ẹnìkan ló sọ ọ́ fún mi. Ojú ara mi yìí ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni, kì í ṣe òru. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó kàn mí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Èmi àti Bọ̀dá Sálíù jọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Challenge, níbí ní Ìlọrin, níbi tá a ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń lọ. Bọ̀dá Sálíù ní tirẹ̀, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé ni, ilé aláfàá ni wọ́n bí i sí. "Ará Ọ̀mù" ló máa ń pè mí, kò pè mí lórúkọ rí.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan ló bẹ̀ wá níṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé èwo ni. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, irú èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ tóbi tó fìríìjì, tó ń lo páàkì.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máà mọ páàkì. Àwọn àwo pẹrẹsẹ ni, wọ́n tò wọ́n léra, wọ́n fi ìdérí rọ́bà líle bò wọ́n. Ara àwọn àwo yìí ni gbogbo àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà máa ń wà. Wàá gbé e sínú ẹ̀rọ, wàá yọ ìdérí rẹ̀, àwọn àwo á máa yí bìrìbìrì, àwọn hẹ́ẹ̀dì kéékèèké á sì máa ka ohun tó wà lára wọn. Hẹ́ẹ̀dì yìí kò gbọdọ̀ fara kan àwo. Orí afẹ́fẹ́ ló ń fò, àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó fọ́nrán irun. Tó bá fi lè kàn án pẹ́nrẹ́n, ó ti ha á nìyẹn, ohun tó wà níbẹ̀ lọ ráúráú.

Páàkì kan ṣoṣo ló kù fún wọn tó ṣì dáa. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ tó ti jáde ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà nínú ìwé, ikán ti jẹ ẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Sàláwátù. Ó ti gba iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n ní kó kàn mú èsì rẹ̀ wá ni. Bí kò bá mú un wá lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ọmọ tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, àwọn àbúrò ló ń bọ́ nínú yàrá kan ní Tanke. Àràárọ̀ ló ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà. Kì í yọ wá lẹ́nu. Bí mo bá ti kọjá, á kàn sọ pé, "Àǹtí, ẹ ṣáà bá mi ṣe é." Kí n má tàn yín, ọ̀rọ̀ ọmọ náà ká mi lára.

Ọjọ́ Ẹtì ni, inú ọyẹ́. Ẹ mọ eruku Ìlọrin tí ọyẹ́ bá mú. Òfin yàrá yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé bàtà kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí eruku. Ẹnu ọ̀nà ni kálukú ń bọ́ ọ sí. Páàkì pàápàá, tó bá wọlé, a ó kọ́kọ́ jẹ́ kó sinmi lórí tábìlì títí ara rẹ̀ á fi tutù bíi ti yàrá.

Nígbà tí àkókò Jímọ̀ tó, Bọ̀dá Sálíù ṣe àlùwàlá, ó wọ bàtà rẹ̀. "Ará Ọ̀mù, tí páàkì yẹn bá ti sinmi tán, gbé e wọlé. Kí ọmọ ọlọ́mọ yìí lè rí ibi gbé orí rẹ̀ lé." Mo ní mo ti gbọ́.

Ọgbà dá wáí. Gbogbo èèyàn ti lọ kírun. Mo ti nu ẹ̀rọ, mo ti fi dígí wo hẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tí n kò ṣe. Mo fọwọ́ kan ìdérí páàkì, ó ti tutù. Mo gbé e, mo yíjú sí ẹ̀rọ.

Bàbá kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà.

Kóòtù funfun ló wọ̀, irú èyí tí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà máa ń wọ̀ láyé ìjọ́sí. Àpò kan ti ya lára rẹ̀, ó ń ṣe jọwọlọ. Fìlà rẹ̀ kò ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lásán. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rù kò bà mí rárá. Mo rò pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni.

"Ẹ káàsán, sà," ni mo wí.

Kò dáhùn. Inú sì bí mi díẹ̀. Nínú Ìlọrin yìí, ta ló ń kí èèyàn tí onítọ̀hún ò ní dáhùn? Mo sọ lọ́kàn mi pé àgbàlagbà yìí mà ní ìgbéraga o.

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ẹ̀rọ. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn lọ.

"Má tíì gbé e wọlé."

"Kí ló dé, sà?"

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ti wò ó. Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo páàkì tó wà lọ́wọ́ mi kò jẹ́ kí n lè jiyàn, ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Mo dá páàkì padà sórí tábìlì. Mo kúnlẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ti dígí wọ inú lọ́hùn-ún, mo yí i.

Mo rí i. Ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú kan wà lẹ́yìn hẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, apá tó gbé e dúró sì ti tẹ̀. Hẹ́ẹ̀dì tó ti ha àwo kan rí ni. Ká ní mo gbé páàkì yẹn sí i, kí n tó ṣẹ́jú, èsì Sàláwátù ti di eruku.

"Ẹ ṣé o, sà. Ẹ ṣé gan-an." Mo gbójú sókè. Kò sẹ́nì kankan.

Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Mo wo abẹ́ tábìlì pàápàá, bí ẹni pé àgbàlagbà á lọ sápamọ́ síbẹ̀. Yàrá yẹn kò ní ju ilẹ̀kùn kan lọ, wọ́n sì ti kan fèrèsé pa nítorí eruku. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Sàláwátù wà lórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá tó jáde yẹn, ibo ló gbà?"

"Bàbá wo, Àǹtí? Láti ìgbà tí Bọ̀dá ti lọ, kò sẹ́ni tó wọlé, kò sẹ́ni tó jáde."

Mo wolẹ̀. Bàtà tèmi nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Orí mi wú. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà ni mo jókòó sí, n kò sì padà wọlé. Ó ń bi mí pé ṣé ara mi kò yá ni. Mo ní ooru ni. Ooru nínú ọyẹ́, ẹ ò rí i bí mo ṣe ń sọ̀sọkúsọ.

Nígbà tí Bọ̀dá Sálíù dé, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rọra ròyìn fún un. Mo rò pé á fi mí ṣẹ̀sín. Ìgbà tí mo dé ibi àpò kóòtù tó ya, ó ní kí n dákẹ́ ná. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ Jímọ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn," ló wí. "Yàrá yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́ mi."

Ó ní páàkì kan ló bà jẹ́ nígbà ayé ọ̀gá náà. Ọ̀gá kò mọ̀ bóyá páàkì ló ń ṣe é ni àbí ẹ̀rọ, ló bá gbé e lọ sínú ẹ̀rọ kejì kó lè mọ̀. Páàkì tó bà jẹ́ ba ẹ̀rọ kejì jẹ́. Ó gbé páàkì tó dáa sínú ẹ̀rọ tó ti bà jẹ́, ìyẹn náà tún lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbé wọn kiri títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyí tó kù yìí, ó ti gbé e dání kí wọ́n tó mú iná lọ. Iná tó lọ ló yọ ọ́.

"Wọn kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn títí wọ́n fi kú," ni Bọ̀dá Sálíù wí. "Lórí àìsàn, ohun tí wọ́n ń bi mí kò ju pé, 'Sálíù, ṣé wọn ò tíì gbé èyí tó kù yẹn wọlé?' Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, a tú hẹ́ẹ̀dì tó dáa lára ẹ̀rọ kan tó ti kú, a fi rọ́pò èyí tó tẹ̀. A jọ yẹ gbogbo wọn wò, iwájú àti ẹ̀yìn. Bọ̀dá Sálíù ní bísímílà, èmi ní lórúkọ Jésù, a gbé páàkì wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ń kùn, ó ń kùn, àwa méjèèjì dẹtí sí i. Hẹ́ẹ̀dì wọlé, a kò gbọ́ kí ohunkóhun ha. Gbogbo rẹ̀ ló jáde, kò dín kan. A ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí téèpù kí ọkàn wa lè balẹ̀, lẹ́yìn náà la wá tẹ ti Sàláwátù jáde.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń sunkún. Èmi náà sunkún, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Ara tù mí bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀.

Nígbà tí à ń lọ, a wà lẹ́nu ọ̀nà, à ń wọ bàtà. Sàláwátù ti lọ. Bọ̀dá Sálíù yíjú sí yàrá tó ṣófo, ó ní, "Àsàlámù àlékùmù, Ọ̀gá."

Ohùn kan dáhùn láti inú, jẹ́jẹ́: "Wàálékùmù sàlámù."

A kò wẹ̀yìn.

"Ṣé o gbọ́?" ló bi mí wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo gbọ́, Bọ̀dá."

"Wọ bàtà rẹ ká máa lọ."

Títí di òní, n kò mọ ohun tí mo lè pe èyí. Mo bi pásítọ̀ mi, ó ní kí n gbàdúrà. Bọ̀dá Sálíù bi àlùfáà tiwọn, ìyẹn kàn mi orí. Èyí tí mo mọ̀ ni pé mo kí bàbá yẹn lọ́jọ́ Ẹtì, kò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, ó dáhùn. Mo gbà pé lọ́jọ́ Ẹtì, ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ débi tó lè dáhùn kíkí ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń jogún iṣẹ́ àwọn tó ti lọ, ẹ bọ́ bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì kí yàrá kí ẹ tó wọlé. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ dúró díẹ̀, ẹ dúró. Ẹ má tíì bèèrè ta ni.