Ìlú Àwọn Dùn-ún-gbọ́

Iṣẹ́ wa l'Óṣogbo ni kí á máa gba ohùn àwọn ẹ̀ka èdè tí kò tíì ní kóòdù sílẹ̀, ìyẹn lẹ́tà mélòó kan tí kọ̀ǹpútà fi ń dá èdè mọ̀. Kí á tó lè béèrè kóòdù, a gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí àwọn tó ń sọ èdè náà ń pè é. Mo rò pé ó rọrùn. Ni mo bá gbé fóònù lọ bá màmá mi ní Ìfọ́n.

Ìlọ́bù ni wọ́n bí wọn sí, Ìfọ́n ni wọ́n relé ọkọ. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti tún di ìjà láàárín ìlú méjèèjì, wọn ò tíì fojú kan ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wà ní Ìlọ́bù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí náà ni wọ́n sì sọ sínú fóònù, bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń jà du àpótí ìjókòó kan nígbà tí wọ́n bá ń bó gbáàgúdá.

Nígbà tí mo béèrè orúkọ èdè wọn, wọ́n wo àbúrò bàbá mi tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n kọ Dùn-ún-gbọ́. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìnagijẹ ló ń fún un; bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún èdè. Akọ̀wé ni màmá mi ń pe àbúrò bàbá mi yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò kàwé rí. Èmi ọmọ ilé, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, mo kọ ọ́.

Ọ̀gá mi ní kí n fi ìlú àwọn Dùn-ún-gbọ́ han òun lórí àwòrán ilẹ̀. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Ọ̀gá ní ìlú kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù kóòdù gbà, kí n yan ọ̀kan, Ìlọ́bù tàbí Ìfọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó yọ ohùn màmá mi kúrò. Orí mi dàrú. Bí mo bá kọ Ìlọ́bù, ojú wo ni màmá mi fẹ́ fi wo ará ilé ọkọ? Bí mo bá kọ Ìfọ́n, wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sẹ́ ilé bàbá wọn nìyẹn. Èdè kan náà sì ni.

Mo wá tọ ẹ̀gbọ́n wọn lọ ní Ìlọ́bù. Èmi tó ń gbé Òṣogbo, kò sẹ́ni tó ń bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn náà. Wọ́n ní kí n tún un gbé sí i. Mo wá béèrè ìlú tó yẹ kí n kọ. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n gbé àpótí kékeré kan tó ti dán jáde.

"Gbé e lọ fún un," wọ́n ní. "Sọ pé mo ní òun ló ni ín."

A yọ ohùn náà kúrò lọ́jọ́ Ajé. Ó dùn mí, títí dòní ni mi ò sì mọ èyí tí ǹ bá kọ. Màmá mi ò tilẹ̀ béèrè. Nígbà tí mo gbé àpótí náà dé Ìfọ́n, wọ́n gbé e sídìí ààrò, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e, àwọn náà ò sì jókòó lé e. Wọ́n ní ẹni tó ni ín ń bọ̀.