Ẹyọ Wúrà Amẹ́ríkà Tí Ìyá Ọkọ Mi Fọ̀

Ọkọ mi kì í mu sìgá, kì í ta tẹ́tẹ́. Owó wúrà àtijọ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tirẹ̀. Ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tò wọ́n sínú àpótí kan nílé wa ní Lotto, ní Mowe níbí. Mo máa ń bínú. Màá ní, "Dádì, ṣé kọ́ìnì la ó máa wò bíi tẹlifíṣọ̀n ni?" Á kàn rẹ́rìn-ín ni.

Nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀, a ta àwọn kọ́ìnì náà tán, ó ku ẹyọ kan, èyí tó ṣọ̀wọ́n jù: orí obìnrin wà níwájú rẹ̀, ẹyẹ idì wà lẹ́yìn. Àbúrò rẹ̀ ti gbà láti fún un ní kíndìnrín kan. Owó iṣẹ́ abẹ ló kù, ara ẹyọ yẹn la sì gbójú lé. Ẹnì kan tó ń kó irú rẹ̀ jọ ti rí fọ́tò rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ láti Èkó.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ajuwon kí wọ́n lè bá wa gbàlejò. Wúrà ni wọ́n tà títí wọ́n fi dàgbà, yẹtí, òrùka, ẹ̀gbà ọrùn. Oníwúrà kì í gbé ọjà síwájú oníbàárà láì fọ̀ ọ́. Bí kò bá dán, wọ́n á ní bàbà lẹ̀ ń tà. Màámi wá ọsàn wẹ́wẹ́, eérú àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, wọ́n jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fọ kọ́ìnì, wọ́n ń ṣàdúrà fún ọmọ wọn. Ìgbà tí mo tọjà dé, ó ti ń dán yanran. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màámi."

Màámi ń kírun Alaasari nínú yàrá nígbà tí ẹni tó fẹ́ ra kọ́ìnì náà dé. Ó fi gíláàsì wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

Ó ní gbogbo ara rẹ̀ ti họ. Ó ní ara àtijọ́ yẹn gan-an làwọn ń sanwó lé lórí, pé ìwọ̀n wúrà lásán ló kù báyìí. Ohun tó fẹ́ san kò lè gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù.

"Yéè!" Ọkọ mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Rọra, Màámi ń kírun. Tí wọ́n bá gbọ́, mi ò ní dárí jì ẹ́."

Ẹni náà ti lọ kí Màámi tó jáde, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn. "Ṣé wọ́n rà á?"

Ọkọ mi ní, "Wọ́n rà á dáadáa. Bó ṣe dán yẹn wù wọ́n."

Màámi foríkanlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Mo sá wọ kíṣìnnì. Inú ń bí mi sí ìyá, ó ń bí mi sí ọmọ, ó ń bí mi sí Amẹ́ríkà tó rọ kọ́ìnì burúkú náà.

Ọkọ mi kú kí òjò ọdún yẹn tó dá.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, Màámi pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó mi, má bínú o. Owó tí wọ́n san lórí wúrà yẹn, tí wọn ò fi ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ mi, ta ló ná an?"

Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni, Màámi."

Wọ́n fa ọwọ́ wọn yọ. Wọn ò tíì wọ ilé wa látìgbà náà.