Ohùn Tí Mo Gbọ́ Lẹ́nu Ìbòjú ní Ìbàdàn

Àkùkọ ò tíì kọ tí mo ti dé tésàn rélùwéè Ẹdẹ, kí ọkọ̀ má baà fi mí sílẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ máa dé, àkùkọ ti kọ tán, ó ti jẹun. Ìyá wa ló rán mi níṣẹ́. Àìsàn ti dè wọ́n mọ́ ẹní, wọ́n ní kí n lọ mú Òjó, àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn, káwọn fojú kàn án kó tó di pé ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ṣílè méjì lowó ọkọ̀. Ní Ìwó, mo ra ẹ̀kọ àti àkàrà kọ́bọ̀ kan. Àkàrà wọn fúyẹ́ ju ti Ẹdẹ lọ, àfi bíi pé atẹ́gùn ni wọ́n dín.

Ọ̀sán ni mo dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Òyìnbó ọ̀gá wọn ní kí n dúró ná, Òjó wà nínú eré àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Tíṣà kan jókòó tì mí, ó ń là á yé mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ojúmọmọ ni wọ́n máa ń ṣe é níbẹ̀, níta gbangba. Gbogbo ìlú á jókòó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ọkùnrin ló ń ṣe obìnrin, wọ́n á sì wọ ìbòjú.”

“Bí eégún?”

“Rárá o. Èèyàn ló wà nínú ẹ̀.”

“Nílé wa, òdìkejì ìyẹn là ń sọ fáwọn obìnrin.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo mi orí bí ọ̀mọ̀wé. Ìwé kejì ni mo kà dé, ibẹ̀ ni ìwé ti ní kí n máa lọ sóko.

Ọyẹ́ mú, ojú ọ̀run funfun bí eérú. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, àwọn kan kọ́kọ́ jáde, wọ́n ń rìn yí ká, wọ́n ń kọrin pọ̀. Kọ́rọ́ọ̀sì lòyìnbó ń pè wọ́n, elégbè ni. Ayaba wá jáde. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ògì ni wọ́n fi ṣe ìbòjú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò mira. Ohùn jáde látinú ẹnu yẹn. Ohùn ìyá mi ni.

Kì í ṣe pé ó jọ ọ́ o. Bí wọ́n ṣe máa ń fa ẹkún, tí wọ́n á gbé e mì kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Èdè òyìnbó ló sì ń jáde, ìyá mi tí ò gbọ́ ju “gúmọ́nìn” lọ!

Lọ́dọ̀ tiwa, òkú ló ń gba ẹnu ìbòjú sọ̀rọ̀. Mo gbà pé Ìyá ti kú, pé wọ́n wá dágbére. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àga. “Ìyá, ẹ má bínú, mo pẹ́!” Òyìnbó pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó rò pé eré ló wọ̀ mí lára.

Nínú eré Gíríìkì yìí, wọn kì í pa èèyàn lójú agbo. Ìránṣẹ́ kan wá ròyìn pé ayaba ti kú nínú ilé. Ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n ti òkú rẹ̀ jáde lórí pákó oníkẹ̀kẹ́. Mi ò lè wò ó.

Nígbà tí ayaba bọ́ ìbòjú, Òjó ni.

“Òjó, ohùn ta lo fi ń sunkún yẹn?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn ara mi ni mo fi ń kọ́ ọ látọjọ́ yìí. Tòní, mi ò mọ ibi tó ti wá.”

Mo jíṣẹ́ fún un, òyìnbó sì yọ̀ǹda rẹ̀. A wọ ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì. A délé ní Ẹdẹ. Ẹkún ni mò ń retí láti ìta, n ò gbọ́ ọ. Ìyàwó mi pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

“Wọ́n wà láàyè, Bàbá Ṣadé. Àmọ́ lọ́sàn-án àná, wọ́n ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn bá tán. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà náà.”

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ò pọ̀: bí wọ́n bá ní eré lásán ni, kí èèyàn má tètè gbà. Kí àwọn tó kàwé kọjá ìwé kejì túmọ̀ ìyókù.

Ìyá rí Òjó. Ètè wọn ń mì, kò sí ohùn. Òjó jókòó tì wọ́n, ó tẹjú mọ́ ètè náà. Ó lanu, ohùn Ìyá jáde:

“Ṣé ẹ ti jẹun?”

Ìyá fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun táwọn ń bi wá nìyẹn.

Mo ní, “A ti jẹun, Ìyá.” Títí dòní, mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni mo dá lóhùn.